Kíkó Ìtàn Obìnrin Lọ́yà Àkọ́kọ́ Jọ: Ohun tí Iṣẹ́ Náà Kọ́ Mi

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìrántí tí wọ́n ń pín níbi ìsìnkú lọ́yà tàbí adájọ́ obìnrin ní Ìbàdàn, "obìnrin àkọ́kọ́" á jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹta ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹjọ́ kan ṣoṣo tí olóògbé rò ní kóòtù kò sì ní sí níbẹ̀. A ó ka orúkọ ilé ìwé, a ó ka oyè ìjọ, a ó ka iye ọmọ àti ọmọ-ọmọ, a ó sì pa ìwé dé láìmọ iṣẹ́ tó ń gbé e jáde nílé láràárọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n bá ẹbí, ẹgbẹ́ lọ́yà tàbí ilé ìwé kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ. Ibi tí òótọ́ máa ń sá pamọ́ sí, ibi tó ti máa ń bàjẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́, ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ síhìn-ín.

Stella Jane Thomas ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù. Kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1906. Bàbá rẹ̀, Peter John Claudius Thomas, jẹ́ oníṣòwò tó ti Sierra Leone wá. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí Chamber of Commerce ti Èkó. Ọmọ náà lọ sí Annie Walsh Memorial School ní Freetown, ó kọ́ òfin ní London, wọ́n sì pè é sí Bar, ìyẹn ni pé wọ́n gbà á sínú iṣẹ́ lọ́yà, ní Middle Temple ní 1933. Kò sí obìnrin kankan láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ti pè sí Bar ṣáájú rẹ̀. Ó ṣí ọ́fíìsì lọ́yà ní Èkó ní 1935. Ní 1943 ó di májísírétì, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ọdún kejì ó fẹ́ lọ́yà kan, Richard Bright Marke, ní Freetown, ó sì di Stella Marke. Ó kú ní 1974.

Ẹ wò ó bí ìtàn yẹn ṣe fọ́n káàkiri: Èkó, Freetown, London. Kò sí ilé kan ṣoṣo tí gbogbo ìwé rẹ̀ lè wà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tí mo bá fẹ́ kọ ìtàn rẹ̀: mo ń kọ gbogbo ìlú tí ó ti gbé tàbí ṣiṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ń kọ ọdún tí ó wọ̀ ọ́ àti ọdún tí ó kúrò síwájú rẹ̀, kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ibi tí ọdún méjì tàbí mẹ́ta bá ti ṣófo, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀rọ̀ "àkọ́kọ́" fúnra rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tú wò. Iṣẹ́ òfin ní àkàsọ̀, oníkálùkù àkàsọ̀ ló sì ní obìnrin tó kọ́kọ́ gun un. Ti pípè sí Bar ni Stella Thomas, 1933. Ti májísírétì náà ni òun, 1943. Ti adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Nàìjíríà ni Modupe Omo-Eboh, 1969. Ti SAN (Senior Advocate of Nigeria, oyè àgbà lọ́yà) ni Folake Solanke, ẹni tó fi Ìbàdàn níhìn-ín ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀, 1981. Ti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni Aloma Mariam Mukhtar, 2005. Òun náà ló tún di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ adájọ́ àgbà Nàìjíríà ní 2012. Ẹni tó bá kọ "obìnrin adájọ́ àkọ́kọ́" láìsọ irú kóòtù ti da Stella Thomas àti Omo-Eboh pọ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Freetown náà ní tirẹ̀: Frances Wright, tí wọ́n pè sí Bar ní 1941, ni obìnrin lọ́yà àkọ́kọ́ ti Sierra Leone. Stella Marke gbé ní Freetown, ó sì ṣáájú Frances Wright ní ọdún mẹ́jọ, nítorí náà àwọn tó ń kọ̀wé níbẹ̀ àti níbí máa ń bá ara wọn jà lórí ohun tí kò ní ìjà nínú. Ọ̀kan jẹ́ ti gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, èkejì jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìjà á parí.

Èmi kò sì rí ìdí tí a fi ń fẹ́ sáré gbé májísírétì ga di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga. Iwájú májísírétì ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti máa ń pàdé òfin: ẹni tó jalè, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó lu aládùúgbò, onílé àti ayálégbé. Kí obìnrin jókòó síbẹ̀ ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà, kí ọlọ́pàá máa pè é ní "Your Worship", kì í ṣe ohun kékeré tó nílò àfikún.

Àṣìṣe ọdún ló pọ̀ jù, ó sì rọrùn láti mú. Mo ní àwọn ìdánwò kan tí mo máa ń gbé ìtàn gbà kọjá kí n tó gbà á gbọ́.

Oyè SAN kò sí kí ó tó di 1975. Ọdún yẹn ni wọ́n fún Rotimi Williams àti Graham-Douglas, àwọn méjì àkọ́kọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá pe Stella Thomas ní SAN, ẹni tó kú ní 1974, ẹ fi gègé fà á kúrò.

Law School ti Nàìjíríà kò sí kí òfin 1962 tó dá Council of Legal Education sílẹ̀. Lọ́yà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà, òkè òkun ló ti kẹ́kọ̀ọ́, nínú ọ̀kan lára Inn mẹ́rin, àwọn ẹgbẹ́ lọ́yà London tó ń pe ènìyàn sí Bar: Lincoln's Inn, Inner Temple, Middle Temple, Gray's Inn. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé màmá lọ sí Law School ní Èkó ní 1955, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ akọ̀wé lọ́yà ló ń ṣe nígbà náà, tàbí kí ọdún ti yẹ̀. Ohun kan náà ni fún Ìbàdàn. University College bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ òfin níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó sọ pé òun kọ́ òfin ní Ìbàdàn láàárín 1962 sí 1966 kò purọ́, ṣùgbọ́n Yunifásítì Ifẹ̀ ló lọ: ibi tí Polytechnic wà lónìí ni Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Mo ti rí ẹbí tó fẹ́ pa èyí rẹ́ nítorí wọ́n rò pé àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe rárá.

Ìwé ìròyìn náà ní ọjọ́ ìbí. West African Pilot bẹ̀rẹ̀ ní 1937, Nigerian Tribune ní Ìbàdàn ní 1949, Daily Sketch ní 1964. Bí wọ́n bá fi gígé ìwé ìròyìn hàn yín pé Pilot ló gbé ìròyìn ṣíṣí ọ́fíìsì Stella Thomas ní 1935, ìwé míì ni, tàbí ọdún míì. Daily Times ti wà láti 1926, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ìyàtọ̀ wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n pe ènìyàn sí Bar, ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn lọ́yà nílé, àti ọjọ́ tó ṣí ọ́fíìsì. Ti Stella Thomas, ọdún méjì ló wà láàárín 1933 àti 1935, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan fi ń kọ ọ̀kan, tí àwọn míì ń kọ èkejì, tí oníkálùkù sì ní ìwé lọ́wọ́. Láàárín àwọn lọ́yà, ọjọ́ pípè sí Bar ló ń sọ ẹni tó jẹ́ àgbà. Ẹ lè bá màmá kan kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sódì kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọdún ìpè rẹ̀ sódì, ọ́fíìsì méjì mẹ́ta á pè yín.

Ẹ tún lè fi ọdún ìpè ka ẹ̀yìn. Láyé ọjọ́un, akẹ́kọ̀ọ́ Inn gbọ́dọ̀ pa sáà méjìlá mọ́, mẹ́rin lọ́dún, nípa jíjẹ oúnjẹ alẹ́ nínú gbọ̀ngàn Inn rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹfà ní sáà kan, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bí ó bá wà ní yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ ni, oúnjẹ. Kò jẹun, kò di lọ́yà. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́ta lórí ìdánwò. Ẹni tí wọ́n pè ní 1933 ti gbọ́dọ̀ wà ní London ní nǹkan bí 1930. Ibẹ̀ ló ti wọ inú League of Coloured Peoples tí Harold Moody dá sílẹ̀ ní 1931, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ó sì bá WASU rìn, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Ladipo Solanke bẹ̀rẹ̀ ní 1925. (Ọkùnrin ni Ladipo yìí, òun náà lọ́yà. Ẹ má fi orúkọ Solanke rò ó mọ́ Folake.)

Orúkọ ni àrùn kejì. Obìnrin lọ́yà máa ń ní orúkọ méjì nínú ìwé, ó sì lè jẹ́ mẹ́ta. Ẹ wá Stella Marke nínú ìwé 1935, ẹ kò ní rí i. Ẹ wá Stella Thomas nínú ìwé Freetown ti 1960, òfo ni. Modupe Omo-Eboh, Akingbehin ni orúkọ bàbá rẹ̀. Folake Solanke, Odulate. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n kọ gbogbo orúkọ sórí ìwé kan: orúkọ bàbá, orúkọ ọkọ, orúkọ ìjọ, orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, àti gbogbo ọ̀nà tí akọ̀wé ìgbà náà lè gbà kọ ọ́. Akọ̀wé òyìnbó á kọ Akinbehin, Akingbehin, Akingbein. Ẹ wá gbogbo rẹ̀.

Ewu míì wà nínú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ. Stephen, arákùnrin Stella Thomas, náà di lọ́yà. "S. Thomas" tí ẹ bá rí nínú ìwé kóòtù lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ àbúrò, ó sì lè jẹ́ Thomas míì tí kò bá wọn tan, nítorí Thomas pọ̀ ní Èkó. Ẹ wo bóyá "Miss" wà níwájú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wo inú ọ̀rọ̀ ẹjọ́ bóyá adájọ́ pe lọ́yà náà ní "he" tàbí "she". Bí ìyẹn náà kò bá sí, ẹ má fi ẹjọ́ yẹn sínú ìtàn rẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbé Ìbàdàn, orí dáa fún yín. National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ló ni ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba ìgbà òyìnbó, títí kan ti Èkó. Ẹni tó ń wá nǹkan nípa májísírétì Èkó ní 1943 kò nílò láti kọjá Tollgate. Ẹ gba lẹ́tà ìfinihàn láti ibi iṣẹ́ tàbí ilé ìwé yín kí ẹ tó lọ, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, ẹ sì lọ ní kùtù, nítorí bí iná bá lọ, yàrá ìkàwé á ṣókùnkùn. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé. Ẹ má fi itọ́ tọ́ ìka láti ṣí ojú ewé. Ìwé 1930 ti gbẹ bí ìpékeré, etí rẹ̀ á já sí yín lọ́wọ́.

Ẹ má lọ béèrè pé "ẹ bá mi wá Stella Thomas". Akọ̀wé ìjọba kì í sábà fi orúkọ ènìyàn sọ fáìlì. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló ń fi sọ ọ́. Ẹ béèrè fún ìwé atọ́ka, ẹ wo abẹ́ májísírétì, abẹ́ ìyànsípò, abẹ́ kóòtù. CSO ni fáìlì ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ìjọba ní Èkó. ComCol ni ti kọmíṣánnà tó ń bójú tó Colony, tí Ìkẹjà àti agbègbè rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Oyo Prof ni ti ẹkùn Ọ̀yọ́, Iba Div ni ti Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí wọ́n lè wá èkíní kí wọ́n má rí i. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ jáde, ẹ kọ nọ́ńbà fáìlì kíkún àti nọ́ńbà ojú ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwé tí kò ní nọ́ńbà dà bí aláìsí. Ẹnikẹ́ni kò lè padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tún béèrè fún Gazette, ìwé ìkéde ìjọba. Ìyànsípò, ìsinmi, ìgbéga, ìfẹ̀yìntì, gbogbo rẹ̀ ni ìjọba ń tẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Fún májísírétì tàbí adájọ́, Gazette ni mo máa ń gbà gbọ́ ju ìwé ìròyìn lọ. Ìwé ìròyìn ìgbà yẹn, bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ London, lè jẹ́ lẹ́tà tó wọ ọkọ̀ ojú omi láti Liverpool fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti rí i. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kì í ṣe ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Kenneth Dike Library ní ọgbà kan náà ní ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹ lè ṣe ilé méjèèjì lójúmọ́ kan bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá.

Nípa Ìbàdàn, nǹkan kan wà tí àwọn akọ̀tàn máa ń fò. Wọ́n á béèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbà Ìbàdàn kì í rántí lọ́yà ọkùnrin púpọ̀ ní kóòtù láyé bàbá wọn, débi pé a ó wá ti obìnrin. Ìdí ni pé láti 1914, lábẹ́ ètò Lugard, wọn kò gba lọ́yà láàyè nínú Provincial Court, kóòtù tí ó wà fún ìlú bí Ìbàdàn. Lọ́yà lè máa ṣe fàájì rẹ̀ ní Supreme Court ní Èkó. Bí ó bá dé òkè, ẹnu ọ̀nà ni. Kóòtù ìbílẹ̀ náà kò gbà á. Òfin 1933 ló fòpin sí Provincial Court, tó dá ilé ẹjọ́ gíga ti Protectorate àti kóòtù májísírétì sílẹ̀, tí lọ́yà sì lè wọlé. Ẹ wo ọdún náà: 1933 kan náà tí wọ́n pe Stella Thomas sí Bar. Nítorí náà, obìnrin yẹn bọ́ sínú iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀ sí òkè. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn obìnrin lọ́yà tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1950, ẹ rántí sọ èyí ní gbólóhùn méjì, nítorí láìsí i, ọmọ òní kò ní mọ̀ pé kóòtù tí màmá wọ̀ kò tíì dàgbà púpọ̀ jù ú lọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún "Supreme Court" nínú ìwé ṣáájú àárín 1950: kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà, kì í ṣe ilé ẹjọ́ tó ga jù tí a mọ̀ lónìí. Lọ́yà tó fara hàn ní Supreme Court Èkó ní 1938 kò tíì dé òpin ẹjọ́ rẹ̀ rárá. West African Court of Appeal ṣì wà níwájú, Privy Council ní London sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹjọ́ ni ẹran inú ìtàn. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé òfin, ẹ wá ìwé àkójọ ẹjọ́: NLR (Nigeria Law Reports) fún ti ilé, WACA fún ti kóòtù kòtẹ́milọ́rùn títí dé àárín 1950, àti àwọn ìwé ẹjọ́ Western Region lẹ́yìn ìyẹn. Lábẹ́ orúkọ ẹjọ́, lẹ́yìn orúkọ àwọn adájọ́, orúkọ lọ́yà ìhà méjèèjì á wà, ó sì sábà máa ń jẹ́ ìlà kan péré. Ìlà kan yẹn ni ẹ̀ ń wá. Nítorí pé atọ́ka ìwé ẹjọ́ kì í to orúkọ lọ́yà, orúkọ ẹjọ́ nìkan, kò sí ọ̀nà àbùjá: ẹ ó ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún tó ṣiṣẹ́. Ẹ pín in láàárín ènìyàn mẹ́ta.

Ohun tó ń dá àwọn ènìyàn rú ni pé ìwé ẹjọ́ kò ní ju ìwọ̀nba lọ. Ẹjọ́ májísírétì kì í sí níbẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nítorí náà, ẹ má kọ pé ọdún mẹ́wàá rẹ̀ lórí ìjókòó kò ní ìtàn. Ìwé tí ẹ wò ni kò ní in. Ẹ wá ẹjọ́ tí wọ́n gbé kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ sókè, kí ẹ wo ohun tí kóòtù òkè sọ nípa ìdájọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá yí i padà, ẹ kọ ọ́ náà. Adájọ́ tí wọn kò yí ìdájọ́ rẹ̀ padà rí kò sí láyé, ìwé ìrántí tó sọ bẹ́ẹ̀ sì ń rẹ olóògbé sílẹ̀ lójú àwọn tó mọ̀ iṣẹ́.

Fún ẹjọ́ tí kò sí nínú ìwé, nọ́ńbà ẹjọ́ ni kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà ilé ẹjọ́ gíga Ìbàdàn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú I, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, lẹ́yìn náà ọdún. Ti Abẹ́òkúta ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AB. Ẹ wá irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sórí fáìlì àtijọ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, sẹ́yìn ìwé ìpè, sínú ìwé àkọsílẹ̀ owó. Mú u lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù ní Ring Road pẹ̀lú lẹ́tà. Láìsí nọ́ńbà, wọ́n á wò yín lójú lásán, ẹ kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Ẹjọ́ mẹ́ta tó fún ìwé ìrántí: ọ̀kan ti ọ̀daràn, ọ̀kan ti ilẹ̀, ọ̀kan ti ìdílé. Ní Ìbàdàn, ti ilẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù. Agboolé méjì tó jà ní 1958 lè ṣì máa jà lónìí, ìwé ìrántí yín á sì di ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹ sọ ohun tí ẹjọ́ náà yanjú nínú òfin àti bí màmá ṣe rò ó. Ẹ má sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Ti ìdílé, ẹ yọ orúkọ àwọn tọkọtaya kúrò pátápátá.

Àwọn àgbà kò ní bá yín sọ ọdún, wọ́n á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ ní àkọsílẹ̀ kékeré lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó tì wọ́n. "Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe Baálẹ̀ ní Olúbàdàn" ni 1936. "Nígbà ogun Hitler" ni 1939 sí 1945. "Ayé Ọba Akínyẹlé" ni 1955 sí 1964. "Nígbà tí Ọbabìnrin Ìlú Òyìnbó wá" ni ìbẹ̀rẹ̀ 1956. "Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé" ni òpin 1959. Àgbẹ̀kọ̀yà ni 1968 sí 1969. Omíyalé Ògùnpa ni ìparí oṣù kẹjọ 1980. Ẹ má bèèrè pé "ọdún wo ni wọ́n pè yín sí Bar, Màmá?" Ẹ bèèrè pé ta ni wọ́n jọ gba ìpè lọ́jọ́ náà, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, mélòó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ oníbàárà àkọ́kọ́. Ìbéèrè owó máa ń la ẹnu gan-an.

Ogùnpa yẹn wà lára ìdí tí ìwé fi ṣọ̀wọ́n nílùú yìí. Ọ̀pọ̀ ilé àti ọ́fíìsì tó wà lẹ́bàá odò náà pàdánù àpótí ìwé. Bí ẹ bá rí ìwé tí omi ti lẹ̀ pọ̀, ẹ má fi ọwọ́ já a, ẹ má sì sá a sóòrùn. Ẹ fi bébà funfun tí ń fa omi sí abẹ́ àti orí rẹ̀, ẹ fi fáànù fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ẹ ya fọ́tò ojú ewé tó bá ṣí fúnra rẹ̀. Sẹ́lótéèpù kò gbọ́dọ̀ kàn án. Láàárín ọdún díẹ̀ á pọ́n, á sì jẹ lẹ́tà. Laminate náà kò dáa fún ìwé ẹ̀rí ìpè: ẹ ya á sórí kọ̀ǹpútà ní 600 dpi, ẹ tọ́jú ojúlówó sínú àpò ìwé lásán.

Bí àpótí wíìgì rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ bẹ ẹbí kí wọ́n gbé e wá. Àpótí páànù dúdú ni, tó sábà máa ń ní orúkọ olówó rẹ̀ tí wọ́n fi àwọ̀ wúrà kọ sí ara. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni orúkọ tó ń jẹ́ lọ́jọ́ tó rà á, kì í yí padà bí ó tilẹ̀ fẹ́ ọkọ lẹ́yìn náà, nítorí náà ó lè yanjú àríyànjiyàn tí ìwé méjì dá sílẹ̀. Wíìgì náà, irun ẹṣin ni. Ẹ má fọ̀ ọ́ láti gbé e síta fún àfihàn, á rọ̀, á sì pàdánù ìká rẹ̀. Gáùn dúdú tó ti ń di aláwọ̀ ewé níbi èjìká, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ ẹ́ ní aró dúdú tuntun ń pa ọdún rẹ̀ rẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ti ìjókòó ìdágbére ní kóòtù ni ẹ̀ ń kọ fún, ètò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí fídáù. Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn adájọ́ á wọ aṣọ ìjókòó, lọ́yà á wọ wíìgì àti gáùn, ọ̀rọ̀ á sì wá láti ọ̀dọ̀ Attorney-General, NBA tó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, àwọn SAN, FIDA tó jẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin lọ́yà, àti ẹbí, kí adájọ́ àgbà tó parí rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ ìtàn kan náà láti ọwọ́ yín. Ẹ fún wọn ní ojú ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ọdún ti pé, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé kíkún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni márùn-ún á dìde, ọdún ìpè márùn-ún á jáde lẹ́nu wọn. Ìdajì wákàtí kò tó fún ẹni méje bí kò bá sí ẹni tó sọ fún wọn pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni tiwọn. Ẹ sọ ọ́ nínú lẹ́tà ìpè.

Fọ́tò: ẹ fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀, láti ọwọ́ òsì sí ọ̀tún. Báírò máa ń yọ síwájú. Fọ́tò ìjókòó ìpè tí a kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́ ti pọ̀ jù ní àpótí Ìbàdàn.

Nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ fi ẹ̀dà kan sí National Archives, ọ̀kan sí Kenneth Dike Library, ọ̀kan sí ẹ̀ka NBA Ìbàdàn, ọ̀kan sí ilé ìwé tó lọ. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kó o jọ, oṣù àti ọdún, àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè pè bí wọ́n bá rí àṣìṣe. Kí ìsìnkú tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹnìkan á ti pè láti sọ pé ìyá òun ló ṣáájú.